Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Fífẹ̀ Ojú Rẹ̀ Ni Ká Wò Ni, Tàbí Ẹni Tí Yóò Gbé E?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń mi ìlú tìtì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń ná ni lówó, tó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin ilé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí ọmọ ti wọ yunifásítì lóde òní tí ìbéèrè yìí kò ní wáyé: kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ni kí á rà fún un? Ṣé èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ rẹrẹ ni, kí ó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tàbí èyí tó kéré, tó fúyẹ́, tí ó lè gbé kiri láìkérora? Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra méjèèjì, kí ó fi ọ̀kan sílé. Ẹ̀yin àti èmi tí a ń fi owó àjọ rà á kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ilé tèmi ní Ìbàdàn níbí nígbà tí ọmọbìnrin wa gba ìwé ìgbaniwọlé láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní Yunifásítì Ìlọrin. Ìyá rẹ̀, tí ń ta aṣọ ní Gbági, ló kọ́kọ́ kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà sì fi owó iṣẹ́ olùkọ́ tèmi kún un. Owó náà tó ra ẹyọ kan tó dúró dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Ìyá ọmọ ní ńlá ni kí á rà. Ó ní iṣẹ́ ìṣirò owó kún fún òpó nọ́ńbà lóríṣiríṣi, ọmọ òun kò sì gbọdọ̀ máa fún ojú pọ̀ mọ́ ohun tíńtìntín títí òun náà yóò fi máa wo ayé láti inú dígí bíi bàbá rẹ̀. Ó tún fi kún un pé ohun tí ènìyàn bá fi owó gidi rà, ó yẹ kí ó kún ojú. Ọmọ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó máa gbé e." Ó ti rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 12 àti àbọ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbẹ̀ pátápátá. Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi, wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà.

N kò dá a lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo mú rúlà, mo yá ìwọ̀n tí ìyá wọn fi ń wọn ìyẹ̀fun, gbogbo ẹni tí mo bá sì rí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún wa lọ́jà túmọ̀ sí. Bí ọlọ́jà bá sọ pé kọ̀ǹpútà kan jẹ́ íǹṣì 14, kì í ṣe ìbú rẹ̀ ló ń wí, kì í sì ṣe gíga rẹ̀. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ojú tí ń tan ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń wọ̀n, wọn kì í ka etí dúdú tó yí i ká mọ́ ọn. Íǹṣì kan jẹ́ 2.54 sẹ̀ǹtímítà. Ìwọ̀n láti igun dé igun yìí a máa fi ìyàtọ̀ ńlá pamọ́ sínú nọ́ńbà kékeré. Ojú íǹṣì 13.3 tó gùn gbọọrọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ tó 29.4 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó 16.6. Ti íǹṣì 15.6 fẹ̀ tó 34.5, ó ga tó 19.4. Lẹ́nu, íǹṣì méjì àti díẹ̀ péré ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò ààyè tó wà lórí méjèèjì, ti 15.6 fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju ti 13.3 lọ. Ẹ rí i pé ìyá ọmọ kò sọ ìsọkúsọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ìrísí ojú náà tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aṣẹ̀dá kọ̀ǹpútà ń ṣe ojú tó jẹ́ pé bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 16, gíga rẹ̀ a jẹ́ 9. Sinimá ni irú ojú bẹ́ẹ̀ dára fún jù. Ẹni tí ń kọ ìwé tàbí tí ń ka ìwé, ìsàlẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ń lọ, kì í lọ sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú 16 sí 10 tún padà wọ̀lú, àwọn kan sì ń ṣe ti 3 sí 2, tó sún mọ́ ìrísí ìwé gan-an. Mo fi rúlà àti ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú íǹṣì 14 tó jẹ́ 16 sí 10 ga tó 18.8 sẹ̀ǹtímítà. Ti íǹṣì 13.5 tó jẹ́ 3 sí 2 ga tó 19. Ẹ sì rántí pé 19.4 péré ni gíga ti 15.6 tí a ń pè ní ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà àti àròkọ ni ènìyàn fẹ́ máa kọ, ìyàtọ̀ wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ní gíga, kékeré náà sì rọrùn láti kì bọ àpò. Ìbú nìkan ni ńlá fi borí, ìbú ọ̀hún sì ni oníṣirò owó nílò. Ìyá ọmọ ṣì lẹ́jọ́ nílẹ̀.

Ohun tó wá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ fún mi ni ohun tí ọlọ́jà kì í sábà sọ fún ni. Ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe gíláàsì lásán. Èérún ìmọ́lẹ̀ tíńtìntín ló tò jọ níbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè wọ́n ní píksẹ̀lì. Àwọn tòkunbọ̀ kan ní 1366 lójú ìbú àti 768 lójú gíga, gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Àwọn mìíràn ní 1920 sí 1080, èyí lé ní mílíọ̀nù méjì. Iye èérún ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń sọ bí nǹkan tí a ó rí lẹ́ẹ̀kan náà yóò ti pọ̀ tó. Íǹṣì kàn ń sọ bí wọn yóò ti tóbi tó ni. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà íǹṣì 14 àti ti íǹṣì 15.6 bá jọ ní 1920 sí 1080, tí a kò sì yí ìwọ̀n lẹ́tà padà lórí èyíkéyìí, iye òpó nọ́ńbà tí ọmọ yóò rí lórí méjèèjì dọ́gba. Àní sẹ́, íǹṣì 15.6 tó jẹ́ 1366 kò lè fi òpó nọ́ńbà tó pọ̀ tó ti íǹṣì 14 tó jẹ́ 1920 hàn. Ó kàn máa fi díẹ̀ tó ní hàn gàdàgbà-gadagba ni.

Èyí kò wá sọ pé kékeré jù náà dára o. Bí èérún mílíọ̀nù méjì bá há sórí íǹṣì 12 àti àbọ̀, lẹ́tà yóò kéré débi pé ènìyàn ní láti lọ sínú ètò kọ̀ǹpútà kí ó sọ ọ́ di ńlá, ìdá àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń fi í sí. Bí lẹ́tà bá sì ti tóbi, òpó nọ́ńbà tí ń hàn yóò dín kù, ohun tí a torí rẹ̀ wá 1920 kiri yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Lórí íǹṣì 14, ojú ọmọ ọdún 18 lè kà á bí ó ti wà, tàbí kí ó fi díẹ̀ kún un. Ojú tèmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn ogójì ọdún ni ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó bá sún mọ́ ọn.

Àwa tí a lọ sí ilé kéwú, ṣé ẹ rántí wàláà? Wàláà àwọn ẹ̀gbọ́n fẹ̀, ìlà púpọ̀ ni àáfà lè kọ sí i. Ti àwa ọmọdé kéré. Kì í ṣe pé igi wọ́n ló fà á. Ọmọ ló máa gbé e lọ sílé, òun ni yóò gbé e padà ní àárọ̀, òun náà ni yóò gbé e lé itan fún wákàtí gbọọrọ. Apá ọmọ ni wọ́n fi ń wọn wàláà. Bí ìlà bá kún, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún fi tàdáwà kọ òmíràn. Mo sọ èyí fún ìyá ọmọ, ó ní òun kò lọ rà wàláà.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà tí a ń gbé kiri náà bá ọ̀rọ̀ yìí jà títí. Ní 1981, ní Amẹ́ríkà, Adam Osborne gbé ọ̀kan jáde tó pè ní Osborne 1. Alágbèéká ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ó wúwo tó kìló 11, bí a bá sì pa á dé, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà nínú àpótí rẹ̀ ló rí. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù yẹn, ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 5 lọ. Lẹ́tà 52 péré ló lè fi hàn lórí ìlà kan, ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù ìlà náà ní láti sún ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́. Kò tilẹ̀ ní bátìrì nínú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1982, GRiD Compass dé, ó ń ṣí, ó ń pa dé bí ìwé, bíi ti òde òní. Kìló 5 ni, owó rẹ̀ sì lé ní dọ́là 8,000. Àwọn bíi NASA, tí ń rán ènìyàn lọ sí òfuurufú, ló lè rà á.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn ni ti IBM ní 1995, ThinkPad 701. Ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 10.4 lọ. Wọ́n wá rí i pé ojú lè kéré, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò kéré. Wọ́n gé kíbọ́ọ̀dù sí méjì, bí ẹ bá sì ti ń ṣí ìdérí, apá méjèèjì a tẹ́ síta bí ìyẹ́ labalábá títí tí wọn yóò fi fẹ̀ ju ara kọ̀ǹpútà náà lọ. Ọgbọ́n gidi ni. Ní 2007, Asus mú Eee PC wá, ojú íǹṣì 7, kò tó kìló kan. Àwọn ènìyàn rọ́ lù ú nítorí owó pọ́ọ́kú rẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin 2008 ni ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń tà íǹṣì 8.9 àti 10. Ní oṣù kìíní 2008 yìí kan náà ni Steve Jobs yọ MacBook Air jáde láti inú àpòòwé lójú gbogbo ayé, íǹṣì 13.3, kìló 1.36. Nígbà tó sì di 2019, LG ti ń tà gram tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17, tó jẹ́ kìló 1.34. Ẹ gbọ́ ná: íǹṣì 17 fúyẹ́ ju íǹṣì 13.3 tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú!

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń ra nǹkan ni pé owó lè ra fífúyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ra kíkéré. Ojú íǹṣì 17 náà ṣì fẹ̀ ju 36 sẹ̀ǹtímítà lọ, bó ti wù kó fúyẹ́ tó. Báàgì tó máa gbà á, tábìlì tó máa gbé e, itan tó máa gbà á, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo wọn àwọn tòkunbọ̀ tó pọ̀ lọ́jà. Àwọn íǹṣì 12 àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìló 1.3, àwọn íǹṣì 14 jẹ́ nǹkan bíi 1.5, àwọn íǹṣì 15.6 sì ń lọ sí kìló 2. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin 14 àti 15.6 kò ju omi inú ọ̀rá kan lọ, èyí tí a ń pè ní píọ́ wọ́tà. Bí ọlọ́jà bá gbé méjèèjì lé yín lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè máà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ kò ní gbé kọ̀ǹpútà nìkan. Ṣájà rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, omi gan-an wà níbẹ̀. Ọgbà ńlá Yunifásítì Ìlọrin jìnnà sí ìgboro, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé níta tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ wọlé lárààárọ̀, tí wọ́n á tún rìn láti kíláàsì dé kíláàsì. Báàgì tó bá ti ga ju ẹ̀yìn ọmọ lọ a máa gbá èrò ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, okùn rẹ̀ a sì máa fa ìborùn ọmọbìnrin kúrò lórí. (Èyí ni ọmọ wa fi kọ́kọ́ ṣẹ́gun ìyá rẹ̀, kí ó tó dé orí ìṣirò rárá.) Nínú kíláàsì ńlá, pátákó kékeré tí wọ́n so mọ́ apá àga ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń kọ̀wé. Íǹṣì 15.6 kò rí ìjókòó níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ á máa rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ọmọ tó bá sì ti rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi í sílé, yóò padà sórí fóònù. Owó yín á wá máa sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ.

Ní ti ojú tí ìyá ọmọ ń bẹ̀rù, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń yẹ ojú mi wò. Kíkéré ojú kọ̀ǹpútà kọ́ ni olórí ohun tí ń rẹ ojú. Sísún mọ́ ọn jù ni, wíwò ó títí láìgbé ojú kúrò ni, àti pé bí a bá ń wo ìmọ́lẹ̀ a kì í ṣẹ́jú tó bó ti yẹ. Kí ó jìnnà tó gígùn apá. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí á wo ohun tó jìnnà fún ìṣẹ́jú àáyá ogún. Ńlá tí a dojú kọ láti àárọ̀ di alẹ́ láìṣẹ́jú yóò rẹ ojú bíi ti kékeré.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra ojú fífẹ̀ o. Lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń bá àwọn atẹ̀wé yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìwé Yorùbá àti ti Lárúbáwá, kò sì sí iṣẹ́ tó ń bèèrè ojú tó èyí. Nínú èdè tiwa, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, àmì kékeré orí wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àmì bá dà rú, ìyàwó á fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko, á sì wọ ọkọ lọ sọ́jà. Àmì òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Lárúbáwá náà kò ṣeé fi ṣeré. Lórí ojú kékeré, ẹsẹ̀ ẹ àti ti ọ a máa wọnú ìlà tó wà nísàlẹ̀, n ó sì máa bi ara mi bóyá àmì ni tàbí eruku. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń gbé kọ̀ǹpútà mi láti ilé-ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, nínú Míkírà tí wọ́n há wa mọ́ ní ẹni méjì níwájú.

Ohun tí mo ṣe ní tèmi ni pé mo ya ojú tí ń gbé nílé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń rìn. Íǹṣì 14 ni mo ń gbé jáde. Lórí tábìlì mi nílé, mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ íǹṣì 22 ló dúró síbẹ̀, ìbú rẹ̀ lé ní 48 sẹ̀ǹtímítà. Bí mo bá délé, wáyà kan ṣoṣo ni mo ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ojú ìwé méjì á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti òǹkọ̀wé lápá kan, ti atẹ̀wé lápá kejì. Ọrùn mi náà ń dúpẹ́, nítorí mọ́nítọ̀ ga, n kì í tẹ orí ba mọ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀: HDMI ni tàbí VGA ti àtijọ́ tó ní ojú ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Kí ẹ rí i pé kọ̀ǹpútà yín ní èyí tó bá a mu, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún ra nǹkan tí yóò so wọ́n pọ̀.

Àléébù kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́, iná ni. Mọ́nítọ̀ kò ní bátìrì. Irú tèmi kò jẹ ju nǹkan bíi 20 sí 30 wáàtì lọ, sólà kékeré lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí sólà, tí iná sì lọ, ó di pátákó dúdú lórí tábìlì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa fi ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká íǹṣì 15.6 tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tábìlì rí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbé e. Bátìrì inú rẹ̀ ni wọ́n rà, kí iṣẹ́ má baà bọ́ sọnù nígbà tí iná bá ṣẹ́jú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú fífúyẹ́? Kó ra ńlá, kó ra èyí tó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, kó fi ọkàn balẹ̀. Ẹni tí ń ya àwòrán ilé, ẹni tí ń gé fídíò, ìyá tó kó ọmọ mẹ́rin jọ síwájú rẹ̀ láti fi ẹ̀kọ́ hàn wọ́n, ńlá ló yẹ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé inú yàrá kan pẹ̀lú ẹlòmíràn, tí kò ní ibi tí yóò gbé mọ́nítọ̀ sí, tó sì ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé wò, ó gbọ́dọ̀ ṣeé gbé.

Mo sọ fún wọn nílé pé íǹṣì 14 ni mo dá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1920 sí 1080. Ọmọ ní ó tóbi díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó kéré. Mo ní kí á jọ lọ.

Kí ẹ tó dé ọjà, ẹ jẹ́ kí n fi àṣírí kan hàn yín tó wà nínú nọ́ńbà orúkọ àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí. Nínú HP EliteBook, 820 jẹ́ íǹṣì 12.5, 830 jẹ́ 13.3, 840 jẹ́ 14, 850 jẹ́ 15.6. Nínú Dell Latitude, ẹ wo nọ́ńbà kejì: 7290 jẹ́ 12.5, 7390 jẹ́ 13.3, 7490 jẹ́ 14. ThinkPad T480 jẹ́ 14, T580 jẹ́ 15.6. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà lè wà pẹ̀lú 1366 tàbí pẹ̀lú 1920, ó sì ṣòro kí ojú lásán tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà tàn án, kó ṣí ibi tí wọ́n kọ Display sí, kí ẹ ka nọ́ńbà náà fúnra yín. Ẹ ní kó ṣí ojú ìwé funfun báláú, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú wà níbi kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ wò ó láti ibẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá tàbí tó ṣókùnkùn, ojú olówó pọ́ọ́kú ni, ẹ ní kó mú òmíràn wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tajà fún wa fẹ́ kí á mú 15.6. Ó ní, "Àlàájà, èyí ló gba nǹkan púpọ̀." Ìyá ọmọ yọ̀. Mo ní kí ó gbé 14 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó ṣí pátákó ìṣirò lórí méjèèjì, kí ó sì fi ìwọ̀n lẹ́tà wọn sí bákan náà. Ìyá ọmọ fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ka òpó nọ́ńbà lórí ńlá, láti A títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ka ti kékeré náà. Ó tún un kà. Iye kan náà ni. Ó wá pe ọmọ, ó ní kí ó jókòó, kí ó sún sẹ́yìn tó gígùn apá, kí ó ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sókè. Ọmọ kà á láìfún ojú pọ̀. Ìyá rẹ̀ bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé bọ́tìnnì nọ́ńbà tí ó wà lára ńlá tí kò sí lára kékeré ńkọ́. Ó mú ẹyọ kan jáde láti abẹ́ gíláàsì, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a lè kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá ọmọ ní kí ó fi èyí náà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó.

Owó ku díẹ̀. A kò ra báàgì kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń polówó, irú èyí tí gbogbo olè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti òkèèrè. Báàgì ìwé lásán ni ọmọ ń gbé. Ìyá rẹ̀ mú ìrépé àǹkárá láti ṣọ́ọ̀bù, ó fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàrin, ó rán àpò kan tí kọ̀ǹpútà yóò máa wọ̀ kó tó wọnú báàgì. Bí ẹ bá fẹ́ rán irú rẹ̀, ara kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má fi íǹṣì ojú rẹ̀ gé aṣọ. Ti íǹṣì 14 tiwa fẹ̀ tó 34 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó 24. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí fóòmù àti ojú-rírán, kí ẹ sì fi ẹnu àpò náà sí apá tó gùn, kí ó lè rọrùn láti fà á yọ nínú ọkọ̀.